Ẹ̀wù Adìyẹ

Ọyẹ́ ti la ètè gbogbo ará Sábọ̀n-Gàrí
kí n tó rí i pé ẹ̀yìn Pupa ti pá.
Adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀:
ìyẹ́ wá tán, mo wá mọ̀.

Adìyẹ mẹ́rin ni wọ́n, àti àkùkọ kan ṣoṣo.
Ọjọ́ kan náà ni wọ́n yọ nínú ẹyin
ṣùgbọ́n akọ ti sáré dàgbà,
ogbe rẹ̀ pọ́n bí ata tí a sá sórí páànù;
tàwọn abo ṣì ṣá bí àǹkárá ọdún mẹ́ta.
Wọn ò tíì yé rárá.
Àkùkọ yìí kì í pè, kì í jó, kì í fi ẹnu tọ́ka ọkà.
Á kàn já lu wọ́n láti ẹ̀yìn kẹ́ẹ̀gì omi,
á fi ẹnu gbá ọ̀kan lọ́rùn mú, á gùn ún,
ìyẹ́ á fò lọ sílé onílé.

Ládì tó ń ta kósè níwájú ilé ní kí n pa á.
Málàm Dàhírù tó ń pọ́n ọ̀bẹ ní rárá,
ọmọdé ò lè gbọ́n nínú ọbẹ̀.
Ó di ẹsẹ̀ àkùkọ mú láàárín orúnkún,
ó fi fáìlì rẹ́ ṣóńṣó ọ̀gàn rẹ̀
bí ẹni ń gé èékánná ìkókó.
Mo ta wáyà sáàárín ọgbà.
Òun lápá ibí, àwọn lápá ọ̀hún,
kí ojú máa rí ojú, kí ara má kan ara.
Mo sì lọ yá àgbébọ̀ kan lọ́wọ́ ìyá Ládì,
arúgbó olójú kan tí kì í gba ìgbàkugbà,
mo jù ú sọ́dọ̀ akọ.
Kò pẹ́ tí mo gbọ́ igbe.
Kì í ṣe igbe abo.

Ó wá ku ẹ̀yìn tó pá.
Mo wá ègé jíǹsì, mo wọn Pupa láti ọrùn dé ìdí,
ínṣì mẹ́fà, rọ́bà lábẹ́ apá méjèèjì.
Ọgbọ̀n ọdún ni mo ti ń ránṣọ,
mi ò rí oníbàárà tó dúró jẹ́ẹ́ báyẹn rí.
Híndátù, ọmọ iṣẹ́ mi, ló fọwọ́ parí ẹ̀kẹta.
Kò gbójú sókè. Ó ní,
“Mọ̀mọ́, ta ló rán tiyín?”

Ó mọ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni mí
nígbà tí rélùwéè gbé mi láti Ọ̀fà
wá bá ẹni tó ju bàbá mi lọ.
Èmi ni mo sọ fún un, lọ́jọ́ kan tí iná lọ.
Mo tẹ ẹsẹ̀ mọ́ máṣíìnì.
Kò sí aṣọ lábẹ́ abẹ́rẹ́.
Mo ń tẹ̀ ẹ́ lọ.

Òjò àkọ́rọ̀ ti wá rọ̀ báyìí. Ogbe Pupa ti pọ́n.
Àná ni mo tú wáyà, mo mú igi dání.
Àkùkọ rí ekòló nínú ẹrẹ̀, kò jẹ ẹ́.
Ó gbé e sókè, ó sọ ọ́ sílẹ̀,
ó ń pè tàkùtàkù lọ́nà ọ̀fun,
ó fi apá kan gbálẹ̀ yí i ká.
Pupa, tòun ti ẹ̀wù jíǹsì rẹ̀, wá wò ó.
Ó jẹ ekòló.
Ó bá tirẹ̀ lọ.
Àkùkọ ò lé e.
Mo rọra fi igi ti ògiri.

Mi ò tíì dá Híndátù lóhùn.
Àmọ́ bàbá tó ń ta bọ́tìnnì,
tó máa ń fara ti férémù ilẹ̀kùn wa tí bọ́tìnnì bá tilẹ̀ tán,
tó máa ń béèrè pé ọmọ ọdún mélòó ni ọmọ yìí ná,
ìta ni a ti ń dá a lóhùn báyìí.
Mo gbé tábìlì ìgéṣọ dí ẹnu ọ̀nà.
Híndátù rí i.
Ó fi eyín já òwú, ó ń bá iṣẹ́ lọ.